Ewúrẹ́ ni mo yà fún, ọlọ́kadà ni mo gbá: ta ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Lọ́yà. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ọmọ ọdún 27. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mò ń ti Iléṣà padà bọ̀ wá sí Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe dé Òṣú ni ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ méjì já sójú títì, eré mi ò ju 90 lọ, mo bá yà fún wọn, mo lọ gbá ọlọ́kadà tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ tiẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún kán. Nǹkankan ò ṣe ewúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó yọjú pé òun ló ni ín. Àwọn ẹbí ọlọ́kadà ní kí n mú ₦850,000 wá. Pásítọ̀ mi ní iṣẹ́ èṣù ni, pé mi ò jẹ̀bi. Màmá mi ní ṣebí kí n ti tẹ ewúrẹ́ yẹn pa kí gbogbo ẹ̀ tán síbẹ̀. Mà, lójú òfin àti lójú Ọlọ́run, ṣé mo jẹ̀bi? Ta ló yẹ kó sanwó?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ ẹ. Àkọ́kọ́, mo kà á bí ìyá, àánú ẹ ṣe mí, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tí orúnkún ń gbọ̀n, tí èrò ti ń pé jọ, tí o ò tíì mọ̀ bóyá ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn ṣì ń mí. Ìkejì, mo kà á bíi lọ́yà tó ti ń ṣe ẹjọ́ mọ́tò ní Iléṣà níbí ó ti lé lógún ọdún, ojú mi wá dúró sórí gbólóhùn kan tí o kàn sọ kọjá bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú: "eré mi ò ju 90 lọ." Nínú Òṣú! Ibi tí títì ti gba àárín ìlú kọjá, tí àwọn èèyàn pàtẹ ọjà sétí títì, tí ọmọdé ń sọdá lọ ra bùrẹ́dì. Ìwọ rò pé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lójú òfin, ọ̀dọ̀ 90 yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n tú u palẹ̀, ó máa gùn díẹ̀ o. Kóòtù ò ní bi ẹ́ pé kí lo yà fún, ì báà ṣe ewúrẹ́ ì báà ṣe àǹjọ̀nú. Ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé ṣé ó yẹ kó o ṣọ́ra fún ẹni tó fara pa yẹn, ṣé o ṣọ́ra bí awakọ̀ tí orí ẹ̀ pé ṣe máa ṣọ́ra, àti pé ṣé àìṣọ́ra ẹ yẹn gan-an ló kán an lẹ́sẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò lárìíyànjiyàn, ẹni tó bá ti gbé mọ́tò sójú títì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rín á pa ẹ́ tó o bá gbọ́ ibi tí òfin yìí ti wá. Obìnrin kan ní Paisley, ní ilẹ̀ Scotland, ló mu ọtí atalẹ̀ inú ìgò ní 1928, ó ní ìgbín tó ti jẹrà bá ọtí jáde, ó ṣàìsàn, ó pe ẹni tó ṣe ọtí lẹ́jọ́, nígbà tó di 1932 kóòtù tó ga jù lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bá lè pa ẹlòmíì lára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún onítọ̀hún, kódà kí wọ́n má mọra rí. Àwa náà jogún òfin yẹn. Nítorí náà ìgbín ló bí òfin tí wọ́n máa fi dá ẹjọ́ ewúrẹ́ ẹ.

Ti ìkejì ni iṣẹ́ wà. Òfin mọ̀ pé èèyàn kì í ronú bí adájọ́ tí nǹkan bá já lù ú lójijì. Láti 1816 ni wọ́n ti dá ẹjọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó níbẹ̀, ọkùnrin kan wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ìjánu já, ó rò pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ dojú dé, ó fò bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Ká ló jókòó jẹ́jẹ́ ni, nǹkankan ò bá má ṣe é. Síbẹ̀ wọ́n dá a láre, wọ́n ní ẹni tí ẹlòmíì kó sínú ewu, kò sẹ́ni tó lè fi òṣùwọ̀n ẹni tó jókòó sílé wọn ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Tiwa náà wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní apá Gúúsù, abala 26, pé tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé ẹlòmíì tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu bíi tèèyàn gbogbo ò bá máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, onítọ̀hún ò jẹ̀bi ọ̀daràn. Abala 24 náà sọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ èèyàn fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala yẹn fúnra ẹ̀ yọ ìwà àìbìkítà sọ́tọ̀.

Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Dúró ná. Ojijì tí òfin ń ṣàánú ni ojijì tí ìwọ fúnra ẹ ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ eré tí ò yẹ kó o sá ló sọ ewúrẹ́ lásán di ojijì, o ò lè gba ibẹ̀ sá.

Ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 90 ń jẹ míítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí ewúrẹ́, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí tọ́tù bọ́ sórí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ, ẹni tí ojú ẹ̀ wà níwájú tí kò wo fóònù nìyẹn o. Lẹ́yìn ìyẹn, lójú ọ̀dà gbígbẹ pẹ̀lú táyà tó dáa, mọ́tò á ṣì wọ́ ara ẹ̀ lọ nǹkan bíi míítà 45 kó tó dúró. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 70, ó ju ìlàjì pápá bọ́ọ̀lù lọ dáadáa. Ní 50, gbogbo ẹ̀ pátá ò pé 30. 50 yẹn dẹ̀ ni òfin Road Safety ní kí mọ́tò kékeré má kọjá nínú ìlú, 80 lójú títì tó já láti ìlú sí ìlú, 100 lórí ẹ́sípíréèsì. Ewúrẹ́ tó jáde ní 40 míítà sí ẹni tó ń sá 50, ó máa dúró wò ó ni, ó máa fọn fèrè, ewúrẹ́ á wo ojú ẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe máa ń ṣe, á kọjá. Ewúrẹ́ kan náà, ibì kan náà, sí ẹni tó ń sá 90, ó ti di ká yà tàbí ká tẹ̀ ẹ́. Ṣé o rí i pé ewúrẹ́ ò yí padà? Ìwọ lo yàtọ̀.

Wọ́n á tún wo mọ́tò fúnra ẹ̀. Àwọn VIO máa ń yẹ mọ́tò wò lẹ́yìn ìjàǹbá, bíréèkì, táyà, iná, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tó bá jẹ́ táyà tókúnbọ̀ tó ti dán bí ìpàkọ́ ọmọ tuntun lo fi ń rìn, ìwé yẹn ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ nà sókè. Wọ́n á wo ojú ọ̀dà bóyá ipa bíréèkì wà níbẹ̀, torí ẹni tó tẹ bíréèkì kó tó yà àti ẹni tó kàn já sítíárìn lulẹ̀ láìtẹ nǹkankan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwa lọ́yà dẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Látìn kan tá a fẹ́ràn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ń fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mọ́tò tó kúrò lọ́wọ́ tiẹ̀ lọ gbá ẹni tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, ìwọ ló kù kó o ṣàlàyé.

Nítorí náà mi ò ní parọ́ fún ẹ. Nínú ẹjọ́ owó, ẹjọ́ ìtanràn fún ẹni tó fara pa, mo rí i pé o jẹ̀bi. Kì í ṣe torí pé o yà, torí pé o ti fi eré ẹ ta gbogbo ọ̀nà yòókù tó yẹ kó ṣẹ́ kù fún ẹ. Ti ọ̀daràn ńkọ́? Abala 343 sọ pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà tàbí láìbìkítà débi tó fi lè wu ẹ̀mí èèyàn léwu lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ẹrù ẹ̀rí ibẹ̀ wúwo ju ti ẹjọ́ owó lọ, ọlọ́pàá ló máa pinnu bóyá wọ́n máa gbé e lọ síwájú. Dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kán. Tí ọkùnrin yẹn bá kú ni, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí kọ́ là bá máa sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ màmá ẹ. Ó lè dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ò láàánú, ṣùgbọ́n màmá ẹ gbọ́n. Ẹran kékeré tó bá já sójú títì tí ẹlòmíì wà lọ́wọ́ kejì, bíréèkì ni kó o tẹ̀, fèrè ni kó o fọn, kó o di sítíárìn mú gírígírí kó o má yà. Tó bá gbá a, ó gbá a. Òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó pa ẹran onílé, abala 450, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ló ń bá wí, ìwọ ò mọ̀ọ́mọ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn aráàlú, gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ewúrẹ́ tí mọ́tò pa rí tí kò lóyún, ọmọ mẹ́ta ló fẹ́ bí, wọ́n á ka ọmọ yẹn mọ́ owó ẹ̀, wọ́n á ka ọmọ tí àwọn ọmọ náà ì bá bí. Tí ẹ̀rù èrò bá ń bà ẹ́, wakọ̀ jẹ́jẹ́ lọ sí téṣàn tó sún mọ́ ẹ jù, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe sísá.

Màlúù ò sí nínú ìmọ̀ràn yìí o. Ẹsẹ̀ màlúù ga, mọ́tò kékeré á gbá a lẹ́sẹ̀ ni, gbogbo ara ẹ̀ á wọlé bá ẹ láti gíláàsì iwájú. Fún màlúù, kó o ti dín eré kù kó o tó rí i nìkan ló wà, pàápàá lálẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí iná ò sí. Ó dẹ̀ tún ku àwọn kan tó jẹ́ pé wọn ò yà fún ẹran, wọ́n ń yà LÉ ẹran ni, wọ́n á rí ọ̀yà nínú iná mọ́tò lálẹ́, ẹnu á yọmi, wọ́n á já sítíárìn sí i pé ọbẹ̀ ti délé. Mo ti rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú kòtò, ọ̀yà ti lọ. Irú wọn ò ní abala 26 kankan láti sá sí.

Èmi náà ti bá a pàdé rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mò ń lọ ṣẹjọ́ l'Ákùúrẹ́, mo ti kọjá Ìwàràjà, mo ń sún mọ́ Ẹ̀rìnmọ̀, ajá pupa kan tó rù já jáde látinú igbó. Tírélà ń bọ̀ níwájú mi, ọwọ́ ọ̀tún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Mo tẹ bíréèkì, mo di sítíárìn mú bí ẹni di ọmọ mú láàárín ọjà, mo dẹ̀ gbọ́ "gbì" lábẹ́ mọ́tò. Mo páàkì níwájú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fi eyín já ọ̀rá omi tí mo fẹ́ mu. Irun pupa díẹ̀ há sídìí nọ́ńbà mọ́tò, mo já ewé mo fi nù ún, ó kù síbẹ̀, mo tún nù ún. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ògún ti gba tiẹ̀ o, ẹ máa lọ, kò ní tún gba òmíì." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o, mi ò bọ Ògún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn àgbà tó ní ajá ni ẹran Ògún, tí Ògún dẹ̀ ló ni gbogbo irin tó ń rìn lójú títì, wọ́n ti ṣètò ọ̀rọ̀ yìí sínú ọkàn awakọ̀ tipẹ́: tó bá di dandan pé kí ọ̀kan lọ, kó má jẹ̀ẹ́ èèyàn. Títí di báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ajá yẹn ṣì ń dùn mí. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ ṣá.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tó o bèèrè. Mi ò kí ń ṣe pásítọ̀, má jẹ̀ẹ́ kí n gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá pẹ́ nídìí ẹjọ́ á mọ̀ pé ẹ̀bi àti ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èèyàn lè jẹ̀bi kó má dẹ́ṣẹ̀, ó lè dẹ́ṣẹ̀ kí kóòtù má rí i mú. Ọwọ́ tó yà fún ìyá ewúrẹ́ àtọmọ ẹ̀, àánú ló gbé e, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ yẹn ò tiẹ̀ dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n "iṣẹ́ èṣù" tí pásítọ̀ ẹ sọ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Èṣù kọ́ ló tẹ tọ́tù. Ó dẹ̀ rọrùn jù, torí tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ èṣù, kò sẹ́ni tó máa lọ kí ọlọ́kadà.

Àánú ẹranko náà lè pààyàn. Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ní 2010, ọmọbìnrin kan rí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lójú títì márosẹ̀, ó dá mọ́tò dúró sí ọwọ́ òsì níbi tí àwọn tó ń sáré gbà, ó bọ́ sílẹ̀ pé kóun kó wọn. Bàbá kan tó gun alùpùpù, tó gbé ọmọ ẹ̀ obìnrin ọlọ́dún 16 sẹ́yìn, lọ kọlu mọ́tò yẹn, àwọn méjèèjì kú. Ní 2014 kóòtù dá ọmọbìnrin yẹn lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó máa ń lọ ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n dẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ní èèyàn burúkú ni. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé ó láàyè láti ronú, tiẹ̀ ò dà bíi tìẹ tó jẹ́ kíá. Ó wà lójú títì tí mọ́tò ń já bí ọta, ó dẹ̀ rántí pẹ́pẹ́yẹ, kò rántí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn bàbá wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tó o kọ ránṣẹ́, o sọ iye ewúrẹ́, o sọ iye ọmọ ẹ̀, o sọ ohun tí pásítọ̀ wí àtohun tí màmá wí. O ò sọ orúkọ ọlọ́kadà. O ò sọ bóyá o ti lọ kí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dé ọ́fíìsì mi, owó kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e wá, ìbínú pé "kò tiẹ̀ wá wò mí" ló gbé e wá, lẹ́yìn náà ni owó wá ń gorí ara ẹ̀. Lọ. Mú àgbà kan dání, mú ọsàn àti mílíìkì dání, má jókòó sórí àga tí wọ́n bá fún ẹ títí wọ́n á fi sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Sọ pé o kú ẹ̀dùn, sọ pé ó dùn ẹ́. Má sọ iye tó o máa san níbẹ̀, má dẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan lójú àgbáríjọ ẹbí. Kíkí yàtọ̀ sí kéèyàn kọ ìwé gbèsè.

Ẹlẹ́ran ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibí yìí ló ń dùn ẹ́ jù, pé ẹni tó da ewúrẹ́ sígboro ń jẹ iyán ẹ̀ nílé. Òfin àtijọ́ tá a jogún ò ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní 1947 kóòtù àgbà àwọn òyìnbó dá ẹjọ́ ẹṣin kan tó já sójú títì tó kọlu oníkẹ̀kẹ́, wọ́n ní kì í ṣe dandan fún ẹni tó nilẹ̀ lẹ́bàá títì láti ṣọgbà torí kí ẹran ẹ̀ má baà jáde. Àwọn fúnra wọn rí i pé òfin yẹn ti di ẹ̀gbin láyé mọ́tò, wọ́n pa á rẹ́ ní 1971. Ẹni tó ń da ẹran gba ojú títì kọjá ní tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹran tó rìn jáde fúnra ẹ̀, darandaran tó kó màlúù sọdá gbọ́dọ̀ darí wọn, tí kò bá darí wọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, a lè pè é lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ìdaranjẹ̀ dẹ̀ ti gba ibòmíì láti ìgbà tí àwọn gómìnà Gúúsù pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún 2021 tí wọ́n ní kí dída ẹran kiri ní gbangba dópin. Ewúrẹ́ adúgbò ni kò lólùgbèjà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 gbé àkóso ẹran téèyàn ń sìn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, àwọn àgbà tó bá ń ka èyí á rántí ayé wolé-wolé tí ewúrẹ́ tó bá jáde ti di ti ìjọba nìyẹn, ẹlẹ́ran á lọ sanwó kó tó gbà á. Wolé-wolé lọ, ewúrẹ́ dé. Tó o bá rí ẹlẹ́ran lónìí tó o dẹ̀ ní ẹlẹ́rìí pé ojoojúmọ́ ló ń tú wọn síta láìbìkítà, a lè fà á wọ inú ẹjọ́ kí adájọ́ pín ẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́ran tó máa yọjú pé òun ni, ìwọ náà mọ̀.

Ó wá ku owó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé mọ́tò ẹ ní ínṣọ́ránsì tó jẹ́ ojúlówó? Third party ni òfin fi dandan lé, láti oṣù kìíní 2023 ló ti di ₦15,000 lọ́dún fún mọ́tò aládàáni. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ọlọ́pàá ni, wọ́n á lọ ra bébà tí ò jọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn. Tí tìẹ bá jẹ́ ojúlówó, ohun tó wà fún gan-an nìyí: ẹlòmíì tó fara pa lọ́wọ́ ẹ, iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ló máa dá a lóhùn, kò dẹ̀ ní gbèdéke fún ọ̀rọ̀ ara èèyàn. Fún ọkọ̀ tàbí ilé tó bàjẹ́, ₦3 mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ti mọ́tò tìẹ fúnra ẹ kò sí nínú ẹ̀, gbàgbé ìyẹn. Kò dẹ̀ sí nínú ìwé yẹn pé o gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò jẹ̀bi, fún ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún iléeṣẹ́ yẹn, tàbí wọ́n á ti lọ ṣèlérí owó fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, kọ̀wé sí wọn lọ́la, fi ìwé tí ọlọ́pàá kọ nípa ìjàǹbá náà mọ́ ọn.

₦850,000 yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀? Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà la jẹ́, ìran òṣómàáló, tá a bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni a ò ní dìde láìgbowó, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná tán nílò rísíìtì. X-ray, P.O.P., oògùn, ìrìn àjò lọ sí ọsibítù, ìwọ̀nyẹn, bébà ló ń sọ ọ́. Owó iṣẹ́ tí kò rí ṣe ní oṣù tó fi jókòó, wọ́n lè fi ìwé ẹgbẹ́ àti iye tó ń jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ọ̀kadà gbè é lẹ́sẹ̀. Ti ìrora ara nìkan ni adájọ́ máa ń fojú díwọ̀n. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá tan iná nírọ̀lẹ́ yẹn, adájọ́ lè tìtorí ẹ̀ gé nínú owó, ti hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì ò ní wúlò fún ẹ torí ẹsẹ̀ ló kán, orí kọ́. Má dẹ̀ lọ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú yàrá aláìsàn, mo bẹ̀ ẹ́.

Tí wọ́n bá ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà ẹ́ nítorí owó, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ketekete pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀daràn tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Àmọ́ ìjàǹbá tí èèyàn ti fara pa, ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ nípa bó o ṣe wakọ̀, tí wọ́n bá pè ẹ́, lọ, kí lọ́yà tẹ̀ lé ẹ. Má pa irọ́ kankan níbẹ̀ nípa eré yẹn. Mo ti rí ẹni tó ní 40 lòún ń sá, tí ipa bíréèkì tó wà nílẹ̀ dẹ̀ gùn ju ilé ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye, ìgbà tí wọ́n máa san án, pé owó yìí ló parí ọ̀rọ̀, àti pé torí àlàáfíà lẹ ṣe san án. Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ. Kí ọlọ́kadà fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń pariwo, ẹsẹ̀ ló kán kì í ṣe ọwọ́.

Mo kọjá ní Òṣú lọ́jọ́ Tuesday, mò ń lọ sí kóòtù n'Ífẹ̀. Ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ méjì sùn sétí títì níbi tí wọ́n ti ń ta páànù, bóyá òun ni, bóyá òun kọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn gbé ẹsẹ̀ lé ojú ọ̀dà. Mo wo mítà mi, 60 ni mo wà. Mo dín in kù.

Ya fọ́tò ìwé ínṣọ́ránsì ẹ, iwájú àtẹ̀yìn, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ajé, kó o dẹ̀ kọ orúkọ ọlọ́kadà yẹn mọ́ ọn.